Fèrèsé Yàrá Bàbá Télọ̀

Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tí mo ti tọ́jú rí: n kì í fi iṣẹ́ mi ṣàwàdà. Mo ń fi gbogbo nǹkan yòókù ṣàwàdà, títí kan ọkọ mi, ṣùgbọ́n tó bá ti kan aláìsàn, ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi kòrókòró ló rí i, ní ọ̀sán gangan. N kò mutí. Oorun ò kùn mí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ilé náà ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, láti ilé dé ilé. Àwọn tí ọsibítù ti ní kí wọ́n máa lọ, àmọ́ tí ara wọn ò tíì yá tán, ni mò ń bẹ̀ wò. Ìyá Ẹ-Ṣí-Fèrèsé ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò mọ̀. Nǹkan tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe nínú yàrá aláìsàn nìyẹn, kí n tó béèrè bó ṣe sùn. Ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ ló fi mọ́ mi lára. Ó máa ń sọ pé ara fúnra rẹ̀ ló ń wo ara sàn, pé iṣẹ́ tiwa ni ká gbé aláìsàn síbi tí ara á ti ráyè ṣe é: níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, tí omi ti mọ́, tí wọ́n ti gbálẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ariwo ò sì sí. Bí ẹnì kan nínú wa bá dárúkọ ìmọ́lẹ̀, á na ìka sí i. "Oòrùn ni mo wí. Kì í ṣe gílóòbù."

Ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ Bàbá Télọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lo oògùn, oògùn ti ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ bàbá ò dìde. Dókítà ti sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbàdúrà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà tí dókítà bá ń pe Ọlọ́run.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó ṣókùnkùn. Ó ń run oògùn ìpara àti aṣọ tí kò rí oòrùn. Láti ẹ̀yìn ògiri ni ariwo ti ń wọlé, gbà! gbà! gbà!, bí ẹni pé wọ́n ń lu irin lé wa lórí.

"Kí nìyẹn?"

"Panẹbítà ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ara mọ́tò tó tẹ̀ ló ń fi òòlù nà. Ẹ̀yìn ògiri yìí gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Mo wo bàbá. Ojú rẹ̀ là, àmọ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Bí òòlù bá ti dún, ìpéǹpéjú rẹ̀ á gbọ̀n.

"Ṣé yàrá yìí ò ní fèrèsé ni?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ibùsùn, ó fi ìborùn di orí. "Kí lẹ fẹ́ fi fèrèsé ṣe, Nọ́ọ̀sì? Ẹni tí àyà ń dùn! Ṣé kí òtútù wá parí ẹ̀ ni?"

Mo ti rí i. Wọ́dúróòbù ńlá kan fara ti ògiri, mo sì rí etí férémù pákó tó yọ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá, ìyàwó Bàbá, ní ibẹ̀ làwọn ti bá wọ́dúróòbù náà nígbà táwọn ra ilé, àwọn ò sì gbé e kúrò rí. Mo ká apá aṣọ mi sókè. Èmi àti ọmọbìnrin náà tì í títí ó fi gbà. Lóòótọ́, fèrèsé ni, alápá méjì, onípákó. Mo fi ọwọ́ gbọn eruku rẹ̀ nù. Mo ṣí i.

Afẹ́fẹ́ wọlé. Ó tutù, ó ń run koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Oòrùn jẹ́jẹ́ bọ́ sórí ibùsùn. Aṣọ funfun kan wà lóde, ó bo ojú fèrèsé, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo rò pé aládùúgbò ló sá a.

Òòlù dákẹ́.

Gbogbo wa gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Bàbá yí orí sí ọ̀nà ibẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ má tì í," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Bàbá béèrè omi. Lẹ́yìn náà ó béèrè oúnjẹ. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ yúnífọ́ọ̀mù mi.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló rán aṣọ yìí fún ọ?"

"Télọ̀ kan ládùúgbò wa ni, Bàbá."

"Ṣé ẹ jọ ń jà ni?"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bí aláìsàn bá ti ń bú ẹ, ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ní kí n yà kí panẹbítà lọ́jọ́ náà, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn tó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì nítorí aládùúgbò tó ń ṣàìsàn, ó yẹ ká kí i.

N kò tíì dé igun ilé tí mo fi gbọ́ ọ. Gbà! gbà! gbà! Mo bá ọkùnrin náà nínú òógùn, ó ń na bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọpẹ́ ni mo wá dá."

"Ọpẹ́ kí ni, Màmá?"

"Ẹ dákẹ́ fún wa nítorí Bàbá Télọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí fèrèsé, a ò gbọ́ yín mọ́."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi? Màmá, n kò dákẹ́ rí. Ẹ bi ìyàwó mi, ó ní mo ti sọ òun di adití." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín rẹ̀ kúrú. "Fèrèsé wo?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri ilé Bàbá Télọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀kùn mọ́tò mélòó kan fara tì í. Sìmẹ́ǹtì ni látòkè délẹ̀, epo ọkọ̀ ti sọ ọ́ di dúdú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó gbóná. Kò sí pákó. Kò sí aṣọ funfun. Koríko kankan ò sí níbẹ̀, òjò ò sì tíì rọ̀ láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.



Mo padà wọlé. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, èmi ló ń fà á. Fèrèsé wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá ń sùn, oòrùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rọra pa fèrèsé dé. Gbà! gbà! gbà! Mo ṣí i. Ó pa lọ́lọ́. Mo tún pa á dé. Gbà! Mo tún ṣí i.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe?"

Mo fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, mo mú un lọ wo ẹ̀yìn ilé. A padà wọlé. Ìyá rẹ̀ ló wò wá lójú, tó ní ká sọ ohun tí a rí. A sọ ọ́. Ìyá dìde.

"Ẹ tì í! Ẹ tì í kíá! Ẹ dá wọ́dúróòbù padà!"

A tì í. Kí n má parọ́, ọwọ́ mi yá ju tiwọn lọ.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ikọ́ bàbá láti ẹnu ọ̀nà. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò bú aṣọ mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wọlé. Òòlù ń dún, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ti padà síbi tí mo ti bá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Àǹtí. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"A ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́," mo wí. "Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó wà níbí."

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo bi ara mi pé kí ni iṣẹ́ mi. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún, n kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó mọ́, ó sì ń gbé aláìsàn mi dìde. Mo wo ìyá. Ìyá wo ọkọ rẹ̀ títí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi èjìká ti wọ́dúróòbù.

A ṣí i. Òòlù dákẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, bàbá ti béèrè omi.

Ó yá tán. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn dé òpópónà, ó lọ bá panẹbítà jà lórí ariwo. Ìdùnnú wa ò ní òǹkà. Ṣùgbọ́n ìyá ní báyìí tí olówó orí òun ti dìde, òun ò lè máa bá ihò tí kò yọ síbì kankan gbé. Ó pe birikílà. Bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ tí mo wá dágbére. Èmi ni wọ́n ní kí n ti fèrèsé náà, torí pé èmi ni mo ṣí i.

Mo di apá rẹ̀ méjèèjì mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Aṣọ funfun náà mì.

Ẹnì kan fi ìka mú etí rẹ̀ láti òdìkejì. Ìka náà mọ́, wọ́n gé èékánná rẹ̀ kúrú bí àwa nọ́ọ̀sì ṣe ń gé tiwa. Òórùn oògùn ìpara fẹ́ sí mi. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan húkọ́, ikọ́ kékeré.

Obìnrin kan sì sọ̀rọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nítòsí ẹni tó ń sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Aláìsàn tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni."

Páánù ìpo-sìmẹ́ǹtì bọ́ lọ́wọ́ birikílà, òun náà sì bá a lọ: n kò rí ẹni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yíjú sí ìyá. Bàbá Télọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu, láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá síbi fèrèsé náà," ló wí. "Mo fẹ́ ìmọ́lẹ̀."

Títí di òní, fèrèsé náà ṣì wà ní ṣíṣí. Kò sí ẹni tó ká aṣọ yẹn láti ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó dábàá rẹ̀. Kò sí aláìsàn nínú ilé náà mọ́, síbẹ̀ mo ṣì ń yà níbẹ̀. A máa ń gbá yàrá náà dáadáa. A ò jẹ́ kí nǹkan kan rùn níbẹ̀. Ìyá, tó ń pariwo pé ẹ tì í, ni kì í jẹ́ ká wọ bàtà wọbẹ̀ báyìí. "Ẹ rọra," ni yóò wí, "aláìsàn wà níbí."

Láàárọ̀ àná, mo bá a níwájú fèrèsé. Kò mọ̀ pé mo ti dé. Bàbá ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni ìyá wí fún aṣọ funfun náà. "Ṣé ó sùn dáadáa lóru?"

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ó sùn," ni ohùn náà wí. "Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ má dá ẹ̀rọ dúró."