Ẹnu Bàbá Polidor

Ṣíbí ọbẹ̀ ewé kókò kò tíì dé ẹnu Bàbá Polidor nígbà tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn, tó di ọrùn ọwọ́ Alcide mú gírígírí.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

Alcide yíjú. Ọmọbìnrin dúdú dídán kan ló rí nínú aṣọ búlúù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọsibítù náà, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ le koko. Ó lẹ́wà débi pé Alcide gbàgbé pé wọ́n ń bá òun jà.

"Bàbá mi ni," ló rí sọ. "Ebi ń pa wọ́n."

"Ẹ̀yin náà, ṣé ìdùbúlẹ̀ lẹ máa ń wà tẹ́ ẹ bá ń mu ọbẹ̀?" Ó ti ń gbé bàbá náà jókòó bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Apá ọ̀tún wọn ti rọ, ọ̀fun wọn ò sì lágbára mọ́. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ wo inú ẹnu wọn kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró lọbẹ̀ yẹn ń lọ."

Alcide ṣe bó ṣe wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, Bàbá gbé ọbẹ̀ mì láìhúkọ́. Omi lé sójú Alcide. Sylvanie lorúkọ ọmọbìnrin náà, Alcide kò sì gbàgbé orúkọ yẹn mọ́.

Àgbẹ̀ ni Alcide. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá wálé, ó kó kókò tó dára jù lóko lọ fún Sylvanie.

"Bọ́mọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà," ó ní.

"Òmíràn wo lò ń wá?" Sylvanie rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ó ń wá sílé wọn ní gbogbo Sátidé láti wo Bàbá. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe ní Roseau, olú-ìlú, nítorí náà ìwé rẹ̀ kì í kúrò lápá. Alcide a máa sun gbẹ̀rẹ̀fútù fún un, a sì máa bi í ní ìbéèrè inú ìwé náà.

"Àgbàlagbà kan ò lè mí dáadáa. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá gbé e jókòó."

"Àgbẹ̀ kan ò lè sùn nítorí nọ́ọ̀sì kan ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé. Abẹ́rẹ́ tó tóbi jù ni màá gún un nídìí!"

Bàbá Polidor fi ẹnu wíwọ́ rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ ju "dà, dà" lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì pinnu láti fẹ́ra, ìyá Sylvanie, Màmá Clothilde, ni ìdènà wọn. Ọkùnrin tó bí Sylvanie fún un kò rán ẹnikẹ́ni wá tọrọ Clothilde lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Bó ṣe wọlé láìkí ẹnikẹ́ni náà ló ṣe jáde. Látọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́.

"Bàbá ọkọ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé mi," ó sọ fún Alcide. "Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àlùfáà."

"Màmá, ẹ mọ̀ pé bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀."

"Mo bá yín kẹ́dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ lẹ̀jẹ́ ń jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Alcide wọ eegun. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ohùn tútù ló fi ń ka ìbéèrè. "Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe máa bá a sọ̀rọ̀?"

"Kò ní pariwo mọ́ ọn. Á fún un láàyè. Á bi í ní ohun tó lè fi orí dáhùn. Á..." Sylvanie fò dìde. "Orin! Alcide, ọ̀rọ̀ lè lọ kí orin ṣì kù!"

Bàbá Polidor ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kí àìsàn tó dé. Sylvanie jókòó síwájú rẹ̀, ó dá orin ìrọ̀lẹ́ kan tí gbogbo abúlé mọ̀. Bàbá la ẹnu. Orin náà jáde, tòun ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó já gaara. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Alcide. Bí ọ̀nà kan ò dí, òmíràn kì í là.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn sínú ohùn orin náà, díẹ̀díẹ̀, Bàbá ń fi ọwọ́ òsì lu itan rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn a dára, ọjọ́ mìíràn Bàbá a bínú, a kọ̀. Àsìkò ìjì kọjá. Sylvanie lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Kérésìmesì, Alcide di bàbá rẹ̀ mú gun òkè lọ sílé Màmá Clothilde. Obìnrin náà yọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá lu itan rẹ̀, ó kọrin:

"Clothilde, mo wá tọrọ. Fún wa ní Sylvanie. A ó tọ́jú rẹ̀."

Màmá Clothilde di férémù ilẹ̀kùn mú, ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n Polidor, mo gbọ́. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Mo fún yín."

Bàbá kò tíì parí. Ó yíjú sí Sylvanie, ó tún lu itan rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: "Ọmọ mi, o ṣé."

Ọpẹ́ yẹn gan-an ni Alcide ti ń wá bó ṣe máa sọ láti ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Sylvanie ló fún un ní ọwọ́ aṣọ rẹ̀ láti fi nu ojú.

Màmá Clothilde gbé ọbẹ̀ wá. Alcide gbé bàbá rẹ̀ jókòó dáadáa, ó bù ú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó wo inú ẹnu rẹ̀ kó tó bu òmíràn. Sylvanie ń wò ó láti ìdí tábìlì.

"Olówó orí mi," ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́, "ìwọ náà ti yege."