Ohun tó wà ní Ikùn Alága

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, ó sì ṣojú nọ́ọ̀sì wa. Dókítà ẹran ni mí, mi ò mọ ìtàn hun.

Ọ̀sán ni. Òjò ti dá, gbogbo ilé dákẹ́. Màmá Tíṣà gbé ajá rẹ̀ wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Alága. Oṣù mẹ́ta rèé tí ọkọ ìyá náà ti kú, láti ìgbà náà ni Alága ò ti ju ìrù mọ́. Ó ti ń bì fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ó gbé nǹkan mì," ni màmá wí. "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Òun nìkan la jọ ṣẹ́kù nínú ilé."

"Alága tó ń jẹ ìjẹkújẹ, ì bá kúkú jẹ́wọ́," nọ́ọ̀sì fi ṣàwàdà. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

A fa kọ́tìnì, torí inú òkùnkùn la ti ń rí àwòrán inú ajá dáadáa. A fá irun ikùn rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú rìn lórí rẹ̀. Ohun líle máa ń funfun lójú ẹ̀rọ, òjìji á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí i. Róbótó ni. Mo dá àwòrán náà dúró kí n lè wọ̀n ọ́n. Àwòrán tá a bá ti dá dúró kì í mira. Ìlà tín-ín-rín kan ń yí nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà, ṣé ẹ ti dá a dúró?"

"Mo ti dá a dúró."

Nọ́ọ̀sì ò ṣàwàdà mọ́.

Mo la ajá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Aago ọwọ́ ọkùnrin ni mo yọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Erùpẹ̀ pupa wà lára okùn rẹ̀. Mo gbé e fún màmá nínú abọ́ kékeré. Ó wò ó títí.

"Èmi ni mo fi aago yìí sí bàbá lọ́wọ́."

"Nígbà wo, Mà?"

"Kí wọ́n tó dé pósí."

"Bóyá Alága hú ilẹ̀ ojú oórì wọn."

"Sìmẹ́ǹtì la fi rẹ́ ẹ, Dókítà. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò là."



Àṣà wa ni ká tún yẹ inú ajá wò kó tó lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹrin, a fa kọ́tìnì. Ó ti rẹ Alága gan-an. Mo mọ̀ pé tí mo bá tún là á, kò ní jí. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí inú rẹ̀ mọ́.

Ohun funfun márùn-ún ni mo rí. Mẹ́rin gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ìkarùn-ún kúrú, ó yà sọ́tọ̀. Mo dá àwòrán dúró. Wọ́n ká kò, wọ́n sì nà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa nǹkan lára. Nọ́ọ̀sì kọjú sógiri. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

"Dókítà," màmá pè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ṣé ó ti mọ́? Ṣé kí n máa mú un lọ?"

Mo nu ikùn ajá náà gbẹ. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ máa mú un lọ, Mà."

Òkùnkùn ṣì wà nínú yàrá. Mo gbọ́ ohun kan tó ń lu tábìlì, pò, pò, pò. Alága ló ń ju ìrù.