Ìbéèrè Tí Bàṣírátù Kò Bi Wọ́n

Àwọn mẹ́sàn-án ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Mùízù ní Kambolé lọ́jọ́ náà, oníkálukú fi ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ṣe àga, wọ́n sì ń jà. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o. Ìjà ẹnu ni, èyí tí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù máa ń rò pé òun ti borí. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ: oko ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ kọ ebè rẹ̀?

Ẹgbẹ́ àáró ni wọ́n. Agboolé mẹ́ta ni, ọ̀dọ́ mẹ́ta mẹ́ta láti agboolé kọ̀ọ̀kan. Tí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi vakáǹsì, tí òjò sì ti mú ilẹ̀ rọ̀, gbogbo wọn á jọ ya lu oko kan, wọ́n á kọ ebè iṣu ibẹ̀ tán pátápátá kí wọ́n tó kọjá sí èkejì. Oko tó bá ṣíwájú, ilẹ̀ rírọ̀ ló bá. Èyí tó bá gbẹ̀yìn, kí olóko máa bẹ Ọlọ́run kí òjò má tètè dá. Tẹ́lẹ̀, àwọn bàbá ló máa ń tò ó. Lọ́dún yìí, àwọn bàbá ní ariwo wọn ti sú àwọn, kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

Bàṣírátù nìkan ni kò pariwo. Kàyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, wà lórí itan rẹ̀, bíkì tó fi ń kọ̀wé wà létí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ilé àǹtí rẹ̀ ní àdúgbò Komah ló ń gbé tó fi ń lọ sí ilé-ìwé lísè ní Sokodé. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí ọkọ́ ju ti Sànúsí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, Sànúsí nìkan ló sì máa ń sọ pé irọ́ ni. Bó ṣe dákẹ́ yẹn, ó yẹ kó ti ta wọ́n lólobó, nítorí Bàṣírátù kì í dákẹ́ lásán.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú fún yín. Òun àti ìyá rẹ̀ ń ya àgbàdo. Ọwọ́ ń yà á, orí ń ro nǹkan mìíràn. Ó mọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà débi pé ó lè fẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ilé tiwọn, oko bàbá wọn ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà oko ilé Mùízù, ti ilé Sàkáríyà kó kẹ́yìn, nítorí ọ̀nà Goubi ló wà, ó jìn bí ẹni ń re ìrìn àjò. Ilé Mùízù, tiwọn ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti Sàkáríyà, nítorí ìyá Sàkáríyà máa ń fi wàrà wàgáṣì sínú ọbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ti bàbá Bàṣírátù ni wọ́n fẹ́ kó gbẹ̀yìn, nítorí Bàbá Sànúsí máa ń dúró sẹ́yìn ẹni, á ní, "Ebè yẹn tẹ̀," títí ẹ̀yìn ẹni náà á fi tẹ̀. Ilé Sàkáríyà, tiwọn, lẹ́yìn náà ti Bàbá Sànúsí tó wà lójú ọ̀nà wọn. Ti ilé Mùízù ni wọn ò fẹ́ gbọ́ rárá, nítorí èèyàn gbọ́dọ̀ la odò kọjá, eṣúṣú sì wà nínú odò náà.

Bàṣírátù fi ẹyọ àgbàdo mẹ́sàn-án ṣe èèyàn mẹ́sàn-án sórí ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n yàn láàárín oko méjì méjì. Tiwọn àti ti Mùízù: ẹni mẹ́fà yan tiwọn. Ti Mùízù àti ti Sàkáríyà: ẹni mẹ́fà yan ti Mùízù. Á, ó tán nìyẹn. Tí tiwọn bá na ti Mùízù, tí ti Mùízù sì na ti Sàkáríyà, ó dájú pé tiwọn á na ti Sàkáríyà láìsí wàhálà. Ó tò ó wò. Ẹni mẹ́fà yan ti Sàkáríyà.

Ó tún un kà. Ẹni mẹ́fà náà ni. Àwọn oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lé ara wọn kiri bí ọmọdé mẹ́ta tó ń sáré yí igi ká, kò sì sẹ́ni tó wà níwájú. Ó wá rí i pé oko tí wọ́n bá fi pa mọ́, tí wọn ò mú jáde àfi nígbà tí àwọn méjì yòókù bá ti bára wọn jà tán, òun ló máa jáwé olúborí. Oko tó bá wù ọ́ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá àgbàdo ló pa á lẹ́rìn-ín.

Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Mùsíé tó ń kọ́ wọn ní ẹgbẹ́ ìṣirò ní lísè ti fi ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu ṣe é fún wọn. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó kù kí wọ́n tó nawọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ló wà lórí Bàṣírátù digbí, àfi apá ìgbẹ̀yìn yẹn tó ń rìn gbéregbère. Ìdí ẹ̀ kò ju pé ìdíje ìṣirò máa bẹ̀rẹ̀ ní Sokodé lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ìwọlé, bàbá rẹ̀ sì ti ní kò sẹ́ni tó ń kúrò ní Kambolé láìjẹ́ pé ebè òun parí.

Ìyẹn ló gbé wá sábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí ohùn wọn há tán, ó ní kí wọ́n dìbò. Wọ́n dìbò: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Wọ́n fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, kò burú, kí wọ́n máa mú un ní méjì méjì, bíi bọ́ọ̀lù tí ẹni tó bá já ń lọ sílé. Gbogbo wọn mọ bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbà. Ó kọ́kọ́ mú ti Mùízù àti ti Sàkáríyà jáde. Ti Mùízù, ọwọ́ mẹ́fà. Ó mú ti Mùízù àti tiwọn jáde. Tiwọn, ọwọ́ mẹ́fà. Ó kọ ọ́ sínú kàyé, ó fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀: Bàbá Sànúsí, Mùízù, Sàkáríyà.

Sàkáríyà wo ìwé náà. Kíláàsì kan náà lòun àti Bàṣírátù wà ní Sokodé, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní àdúgbò Kouloundè. Lọ́dún yẹn, bàbá rẹ̀ ti já bọ́ lórí alùpùpù, apá rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì, kò lè gbé ọkọ́. Ilẹ̀ wọn sì jẹ́ amọ̀, tí òjò bá dá, á le bí ògiri. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé tí ebè kò bá sí, Sàkáríyà kò ní padà sí Sokodé.

"Ṣé o ò ní bi wọ́n nípa tiyín àti tiwa?" ni Sàkáríyà bi í.

"Ẹ ti já," ni Bàṣírátù fèsì. "Ẹni tó bá já kì í padà wọ pápá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sàkáríyà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oko Bàbá Sànúsí. Ẹ mọ bí àgbà ṣe ń ṣe tó bá rí òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tí kò ná an ju oúnjẹ lọ. Ó ní kí wọ́n kàn bá òun fi ìlà díẹ̀ kún un. Ìlà díẹ̀ bí ìlà mìíràn, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún di ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ó ti parí ni Bàṣírátù di ẹrù rẹ̀, ó gba Tchamba lọ sí Sokodé. Ẹgbẹ́ wọn ṣe ipò kejì nínú ìdíje náà. Inú rẹ̀ dùn, ó ra súyà jẹ.

Ilé-ìwé wọlé. Àyè Sàkáríyà ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàṣírátù rìn lọ sí Kouloundè, ó bi àbúrò bàbá Sàkáríyà léèrè. Ọkùnrin náà ń to ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò gbójú sókè. Ó ní kí ó lọ bi àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró rẹ̀.

Ó pe Sànúsí lórí fóònù. Sànúsí ní, lẹ́yìn tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe ti Mùízù, òjò ti dá. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò lóko Sàkáríyà. Ọkọ́ ń dún lórí ilẹ̀ bí ẹni ń lu páànù, ẹ̀rúkọ́ méjì ló kán. Lẹ́yìn náà ilé-ìwé wọlé, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Sàkáríyà àti ìyá rẹ̀ ló kù níbẹ̀, tí wọ́n ń pọnmi dà sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ ebè márùn-ún.

Bàṣírátù pa fóònù náà, kò sì lè kàwé mọ́. Ẹni mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ni ì bá yan oko Sàkáríyà ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n nawọ́ sí, òun ló gbé e pa mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọkọ̀ padà sílé. Sànúsí ti bá a kó ẹgbẹ́ jọ, láàárọ̀ Sátidé gbogbo wọn wà lábẹ́ igi. Bàṣírátù dúró, ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, kò fi nǹkan kan pa mọ́, àní ó sọ ti súyà.

Mùízù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyẹn ni pé o ti ka ìbò wa kí àwa tó dì í?"

"Mo ti kà á."

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni Sàkáríyà wí. Kò gbé ohùn sókè. "O ní mo ti já."

Bàṣírátù ní, "O bi mí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn."

Ẹnì kan ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Mùízù ní yíyọ ọ́ kò ní kọ ebè kankan. Wọ́n wá ń wò ó bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe, nítorí iṣu kò tíì wọ inú ebè ẹnikẹ́ni, ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń gbìn ín. Àbá mẹ́ta ló jáde: kí wọ́n máa wá fọ́ ilẹ̀ líle náà ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n kó gbogbo ebè Bàbá Sànúsí fún ìyá Sàkáríyà, tàbí kí ìyá Sàkáríyà gbin iṣu tirẹ̀ sínú ebè ọjọ́ mẹ́ta tí Bàbá Sànúsí fi lé e, kí ilé Mùízù sì fi ebè ọjọ́ kan kún un.

Sàkáríyà gba kàyé lọ́wọ́ Bàṣírátù. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí kò sí pé ẹnì kan já. Òun máa ka àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí oníkálukú nawọ́ sí gbogbo èyí tó bá lè gbà, ì báà jẹ́ ọ̀kan, ì báà jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà bí kì í bá ṣe òun ló wù ú jù. Àkọ́kọ́, ọwọ́ mẹ́rin. Èkejì, ọwọ́ márùn-ún, Mùízù nawọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ojú Sànúsí sì le. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ mẹ́sàn-án. Bàṣírátù wo àwọn ọwọ́ náà bí ẹni tó rí nǹkan tuntun. Ó tò ó lórí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Bí o bá fẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí o bá fẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti àárín, mẹ́sàn-án ni mẹ́sàn-án ń jẹ́.

Ó ku Bàbá Sànúsí. Bàṣírátù ló lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó sọ fún un. Bàbá náà bínú débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Ó ní ta ló ní kí ó fi ìwé tí òun rán an kà rẹ́ ọmọ ẹlòmíràn jẹ. Bàṣírátù ní òun nìkan ló ṣe é, kò sẹ́ni tó rán òun. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Bàbá, ọjọ́ márùn-ún ni àdéhùn wa. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ gbà." Bàbá lọ mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ri igi mọ́lẹ̀ láti fi pààlà àwọn ìlà náà. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sì yọ ọ̀kan kúrò.

Àwọn ẹgbẹ́ ní Bàṣírátù ló máa fi koríko bo orí gbogbo ebè tí wọ́n fún ìyá Sàkáríyà. Sátidé mẹ́ta ló fi wá láti Sokodé, ọwọ́ rẹ̀ ya yánnayànna. Sàkáríyà padà sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ó gba kàyé Bàṣírátù láti ṣe àdàkọ ẹ̀kọ́ tó ti pàdánù, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí ilé-ìwé bá jáde, kò dúró dè é, Bàṣírátù kò sì bínú sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ọwọ́ pọ̀ lókè nìkan kọ́ ló ń mú ìbò tọ́. Ẹ máa wo ẹni tó to ìbéèrè, kí ẹ sì béèrè èyí tí kò bi yín. Ẹni tó bá mọ̀ ju ẹgbẹ́ lọ, kí ó la ojú wọn kí wọ́n tó nawọ́. Tó bá lo ìmọ̀ náà láti fi rẹ́ wọn jẹ, olè ló jà, ì báà jẹ́ pé gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí vakáǹsì mìíràn dé, ẹgbẹ́ ṣe òfin kan: ẹni tó bá to ìbéèrè, oko ilé tirẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Mùízù gbé kàyé tuntun sókè, ó bi wọ́n pé ta ló fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn wolẹ̀. Bàṣírátù na ọwọ́ sí i, Sànúsí fi ìgúnpá gún un níhà, ó ń sọ ọ́ sí i létí pé kí ó rántí bàbá wọn. Síbẹ̀, ó gba kàyé náà. Sàkáríyà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá eruku ibẹ̀ dànù, ó ní kí ó wá jókòó.