Àwọn Tó Fa Ìkẹ́olúwa Fọ́kọ

Bẹ́ẹ̀dì ni Ìkẹ́olúwa wá kàn lọ́dọ̀ Oyèkúnlé, káfíńtà kan ní Ìlódè. Ó ní alájà méjì lòun fẹ́ fún àwọn àbúrò òun.

"Àbúrò yín mélòó ló fẹ́ sùn lórí ẹ̀?" Oyèkúnlé bi í.

"Méjì ló wà nílé. Ẹ̀kẹta ń bọ̀ tó bá dìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà kọ́ ló bí wa o."

Ọjọ́ tí Oyèkúnlé gbé bẹ́ẹ̀dì náà dé yàrá Ìkẹ́olúwa ló tó gbọ́ àlàyé. Ilé ọmọ aláìlóbìí ti ìjọba ni Ìkẹ́olúwa ti dàgbà. Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, wọ́n gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó di ìta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sùn sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kí aránṣọ kan ní Òkè-Ogbó tó gbà á síṣẹ́. Látìgbà náà, bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ jáde nílé ọmọ aláìlóbìí náà, Ìkẹ́olúwa á ti wà lẹ́nu géètì. Á mú un wálé, á wá iṣẹ́ fún un kọ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi múlẹ̀.

Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí Oyèkúnlé lọ́kàn. Bí kò bá wá tún àga ṣe, á wá kan ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèkúnlé ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ìyá rẹ̀ fárígá. "Èwo ni ti obìnrin tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ? Kó kọ́kọ́ kó wọn kúrò nílé ná."

Oyèkúnlé jíṣẹ́. Omijé lé ròrò sójú Ìkẹ́olúwa.

"Olówó orí mi, mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ọkọ ti ẹnikẹ́ni síta. Mo mọ bí ìta ṣe rí."

Oyèkúnlé padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ kọ̀ ọ́ gan-an ni mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ bá wa lọ pàdé ọmọ kẹta tó fẹ́ jáde nílé ọmọ aláìlóbìí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Ìyá tẹ̀ lé wọn, ó fajú ro. Nígbà tó yá, Fikáyọ̀ yọ lẹ́nu géètì, ó gbé báàgì ọ̀rá dání, ó ń wọ̀tún wòsì. Bó ṣe rí Ìkẹ́olúwa, ó sáré dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ ò ní wá."

Ìyá Oyèkúnlé ò mọ ìgbà tó gba báàgì náà lọ́wọ́ ọmọ. "Ọmọ mi, ṣó o ti jẹun?" Ó wá yíjú sí Ìkẹ́olúwa. "Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi."

Nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó. Àlùfáà béèrè ẹni tó fa ìyàwó fọ́kọ. Ìkẹ́olúwa tẹrí ba.

Ọmọbìnrin mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà níwájú. "Àwa ni!"

Ohùn Fikáyọ̀ ló ròkè jù.