Òkúta Tí Lafaele Kó Wá

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àsè oyè nìyí: Salaevalu, ìyá mi, Lafaele, àbúrò rẹ̀, tó máa ń se àsè ẹbí wa nínú ààrò ilẹ̀, ihò tí a ń fi òkúta gbígbóná se oúnjẹ nínú rẹ̀, Pesamino, ẹ̀gbọ́n mi, tó fẹ́ joyè, àwọn olóyè mọ́kànlá tó jókòó nínú ilé àlejò, kálukú nídìí òpó tirẹ̀, àti èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tí a kò kà mọ́ ara wa.

Iná ń jó, òkúta pọ́n, síbẹ̀ ajá ilé sùn sí etí ààrò náà bí ẹni wà lábẹ́ ìbòòji. Salaevalu rí i, ó sì tún fi igi kún iná.

Òkúta ilé ti sán láàárọ̀, ti etí òkun sì máa ń bẹ́ nínú iná. Nítorí náà, kí a tó dá iná yẹn, Lafaele ti lọ hú òkúta mẹ́tàlélógún jáde nídìí igi gbẹ̀rẹ̀fùtù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo òkúta gidi! Ta ló tọ́jú wọn pa mọ́ síbẹ̀?”

Salaevalu mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ àgbà fi ibẹ̀ hàn: ibojì Moelagi ni, obìnrin tó kú lọ́dún ìyàn, tí kò bí ọmọ tí yóò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá pẹ́, wọn yóò ní ẹbí Pesamino kò lè bọ́ àlejò, oyè á sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ ìdílé kejì tó ti ń wọ̀nà fún un.

“Kó wọn wá,” ó ní. “Òkúta ni òkúta.”

Wọ́n to kókò, gbẹ̀rẹ̀fùtù, ewé kókò tí wọ́n di wàrà àgbọn sínú rẹ̀, àti ẹlẹ́dẹ̀ méjì sí i, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Nígbà tí Lafaele ṣí i, kò sí ooru kankan. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tutù bí ìrì.

“Lafaele!” olóyè kan ké láti inú ilé. “Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣì ń wẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lafaele kọjú sí ìyá mi. “Ẹ̀gbọ́n, mo rí i tí wọ́n pọ́n. Ojú mi méjèèjì yìí ni.”

Salaevalu tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé òkúta. Ó tutù bí ìsàlẹ̀ kànga. Ó tú ewé dídì kan: okùn rẹ̀ kò já, inú rẹ̀ ṣófo, ó mọ́ bí ohun tí a lá.

Kò ké. Ó wọlé, ó mú ẹní àtàtà tí wọ́n tọ́jú fún oyè ọmọ rẹ̀, ó fi bo orí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ààrò, bí ìdílé ọ̀daràn ti í jókòó síwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ̀rín dá.

“Màmá, ẹ dìde,” Pesamino sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ta lẹ ṣẹ̀? Ẹ̀ ń dójú tì mí.”

Ohùn rẹ̀ wá láti abẹ́ ẹní: “Moelagi, mo mọ̀ ọ́, mo sì dákẹ́.”

Ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ló lè ká ẹní kúrò lórí ẹlẹ́bẹ̀. A dúró. Ewé kankan kò mì. Etí ẹní náà gbéra díẹ̀díẹ̀, ó sì ká sẹ́yìn lọ sí èjìká ìyá mi, bí ìgbà tí ọwọ́ àgbàlagbà bá ká a.

Lẹ́yìn náà ni ooru bú jáde nínú ààrò.

Àwọn olóyè jẹun, Pesamino joyè. Lafaele dá òkúta padà kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi kò mọ iná mọ́ títí ó fi kú. Àwa la máa ń gbóòórùn awọ rẹ̀ tó ń jó, kí òun tó mọ̀.

Penina, ọmọ ọmọ mi, ní àárọ̀ yìí mo fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ìwọ lo sì pariwo. Èmi ò mọ nǹkan kan lára, bíi ti ìyá mi. Àsè ìgbéyàwó rẹ ni wọ́n ń gbẹ́ ààrò fún lẹ́yìn ilé yẹn, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti kó òkúta rẹ̀. Fi gèlè rẹ sílẹ̀. Lọ sídìí igi gbẹ̀rẹ̀fùtù, kí o ka òkúta ibẹ̀ fún mi. Mẹ́tàlélógún ni kó jẹ́.