Òkúta Keje

"Wọ́n ní Bàbá Wilf rí..."

"Rí kí ni?"

"Ìyàwó ẹ̀ tó ti kú! Lẹ́bàá òkúta keje. Wọ́n ní ó ń pè é pé kó máa..."

"Kó máa bọ̀? Yéè! Hester ṣáà wà lọ́dọ̀ ẹ̀ kó tó kú. Hester, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ojú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ yí sí mi. Ilé ni ìyá àgbà mi ti ń kọ́ mi níwèé. N kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan ní Ravelby. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti máa ń wo àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n bá ń lọ sí etíkun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Bryony, ọmọ onílé-ọtí, fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí Bàbá Wilf, arúgbó tó ń tọ́jú àwọn òkúta ojú ọ̀nà etí bèbè, sọ. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í kó tó dákẹ́. Kò dárúkọ ìyàwó rárá. Ìkìlọ̀ ló ṣe fún mi nípa òkúta keje, nítorí òkun ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò dùn létí tó ọ̀rọ̀ òkú.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò rí i!" ni Bryony pariwo. "Ara mi bù máṣọ!"

Lọ́jọ́ kejì ni a kun òkúta. Lọ́dọọdún, kí àwọn tó ń rìn gbafẹ́ tó dé, a máa ń fi ẹfun kun òkúta méjìlá ojú ọ̀nà etí bèbè, kí ẹni tí kùrukùru bá ká mọ́ lè tọ̀ wọ́n délé. Bàbá Wilf ló ń sún wọn wọ inú pápá bí bèbè bá ṣe ń ya. Lọ́dún yìí tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò sún wọn.

"Ẹ kun keje dáadáa o," ni Bryony ń fi ṣẹ̀fẹ̀, "kí ìyàwó Bàbá má baà ṣìnà!"

Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo gbọ́ tí òkun ń mí, tó ń mí bí aláìsàn. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹfun.

Lọ́jọ́ kẹta, kùrukùru bolẹ̀ lọ́sàn-án gangan. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe obìnrin láti etí bèbè. Àwọn ènìyàn ti ilẹ̀kùn. "Ìyàwó Wilf ti dé o!"

Èmi nìkan ló mọ̀ pé òkú kọ́ ló ń ké. Mo sáré dé ilé-ọtí, mo ń lu ilẹ̀kùn, mo ń kígbe: "Ẹ mú okùn! Òkúta keje!"

Bryony ni. Ó ń ka òkúta bọ̀ wálé, ilẹ̀ sì yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní ìkeje. Orí àpáta kan ló balẹ̀ sí. Wọ́n fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni tèmi lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi òtítọ́ ra ọ̀rẹ́. Ẹlòmíràn ló lè san gbèsè rẹ̀.

Bàbá Bryony dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Hester, kí gan-an ni Wilf sọ?"

N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀:

"Ó ní, 'Hester, ẹ má kun òkúta keje, abẹ́ ẹ̀ ti ṣófo. Ẹ sún un wọ pápá. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì ẹ́, ọmọ mi, àmọ́ sọ fún wọn.'"