Ẹni Tí Suronipa Ń Gbó

Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, n kò sì bu iyọ̀ sí i. Olùkọ́ ni mí. Bí ọmọdé bá ń parọ́ fún mi, mo máa ń mọ̀ kí ó tó sọ ọ́ dé ìlàjì, nítorí irọ́ máa ń dùn létí. Èyí kò dùn. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo hun ún, ǹ bá ti wá òpin tó sàn ju èyí lọ fún un.

Èmi àti Nana Okyerewa, ìyá tó bí ìyá mi, la jọ ń gbé inú àgbàlá kan lórí òkè Akuapem. Etí Nana ti di láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ètè ẹni ló máa ń wò kí ó tó mọ ohun tí à ń sọ. Bí mo bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, òun nìkan ló ń kù nílé, òun àti ajá rẹ̀. Suronipa ni ó sọ ajá náà, ìyẹn ni pé ènìyàn ni kí o bẹ̀rù. Aládùúgbò kan ló fi orúkọ yẹn bá wí nígbà náà. Aládùúgbò ti kú, orúkọ ṣì wà lọ́rùn ajá.

Ajá yìí ni etí Nana. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà tó ké "Agoo", Suronipa yóò gbó lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sáré lọ fi imú tẹ orúnkún Nana. Nana yóò gbójú sókè, yóò dáhùn pé, "Amee." Ìgbà yẹn ni àlejò tó lè gbẹ́sẹ̀ wọlé, ajá yóò sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọn kò bá dá lóhùn kì í wọlé. Olè nìkan ni kì í ké agoo.

Inú ogójì ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń ṣáájú ọdún Odwira ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò náà a kì í lu ìlù, a kì í sunkún òkú síta, ẹni tó bá ń bínú gan-an ń rọra bínú ni. Ìlú máa ń pa rọ́rọ́ débi pé o lè gbọ́ bí obìnrin ojúlé kẹta ṣe ń já ewé kókò sínú igbá. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Suronipa ti bẹ̀rẹ̀ sí gbó.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ọjọ́ Sátidé. Ó dúró ní àárín àgbàlá, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo jáde lọ wò. Kò sí ènìyàn. Ọ̀nà pupa náà ṣófo, oòrùn ń ta lórí rẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ó gbó títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́ta kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ohùn rẹ̀ ti há, síbẹ̀ ó ń gbó. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ó máa ń dánu dúró díẹ̀, yóò na etí, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Agya Opare dé. Òun ni àwọn àgbà àdúgbò máa ń rán níṣẹ́.

"Tísà," ó ní, "ṣé ajá yín kò gbọ́ pé ìlú ń dákẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Agya. À ń gbìyànjú."

"Wọ́n ní ó di ọjọ́ Àìkú. Tí kò bá tíì dákẹ́, màá mú un lọ sí oko, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún."

"Nana kò ní etí mìíràn, Agya."

"Mo mọ̀. Ṣé èmi ni mo di èyí tó ní ni?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Suronipa ń gbó. Kì í ṣe Agya Opare ni ó ń gbó. Ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ ni ajá ń wò. Agya Opare bojú wẹ̀yìn, ó tún bojú wẹ̀yìn. Ó lọ láìdágbére.

Nana kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbé fùfú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bí wọ́n bá ń mú un lọ, kí wọ́n mú èmi náà lọ. Tí ilé bá ń jó, ta ni yóò sọ fún mi?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo mọ̀ pé láàárín oṣù kan tí wọ́n bá mú ajá yẹn lọ, Nana yóò tẹ̀lé e.

Mo tọ Sájẹ́ntì Larbi lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ ajá ọlọ́pàá níṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá, ó fara balẹ̀ jókòó, ó wo Suronipa fún wákàtí kan gbáko.

"O máa ń pariwo mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó rò pé o ń bá òun gbó ni. Inú rẹ̀ ti dùn, ó ti rí ẹnìkejì."

"Kí wá ni kí n ṣe, Sájẹ́ntì?"

"Ajá kì í gbó lásán. Ó lè jẹ́ àìríṣe, ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé ilé dá. Ó sì lè jẹ́ ohun tó rí." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Tiyín, ohun tó rí ni."

"Kí ló rí?"

"Ajá ló mọ̀. Ìwọ sáà dá a lẹ́kun ná."

Ó ní kí n máa mú un rìn láàárọ̀ kùtù títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kí n fún un ní egungun lọ́sàn-án. Kí n fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ojú ọ̀nà kó má máa rí ìta. Lékè gbogbo rẹ̀, kí n yan ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Bó bá ti dákẹ́, kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n fún un ní ẹja yíyan.

"Ọ̀rọ̀ wo ló máa ń mú un dákẹ́ tẹ́lẹ̀?" ó bi mí.

"Amee ni."

"Ó parí. Ta ló ń la ọ̀nà tuntun nígbà tí ti àtijọ́ kò tíì hu koríko?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìlú ni àwa méjèèjì o. Láti ìgbà tí a ti ń rá la ti ń gbọ́ agoo tí a sì ń gbọ́ amee. Kò sí ẹni tó ronú nínú wa.

Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta lù, Suronipa kọjú sí imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fi dí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Amee." Ó dákẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta. Mo fún un lẹ́ja. Kò tún gbó mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin, mo rántí pé ìlú ń dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì gbígbó náà kéré sí tàná. Mo kíyè sí i pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí mọ́, àgbá omi ni, ẹsẹ̀ mẹ́fà sínú àgbàlá. Mo rò pé aláǹgbá ni. Mo ní amee, ó dákẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì ó gbó ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn fàràǹdà, níbi tí àlejò máa ń bọ́ bàtà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbó. Amee. Ẹja. Mo ti ń ronú pé màá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọgbọ́n yìí.

Ní Sátidé, ó gbó ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró lórí fàràǹdà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó ń wo àga àlejò. Ẹnu mi ti là. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde ni ó yé mi, ṣùgbọ́n ó ti jáde ná.

"Amee."

Ajá dákẹ́. Àga náà dún. Àga ràfíà ni, bó ṣe máa ń dún tí ẹni tó wúwo bá fẹ̀yìn tì í ló ṣe dún, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkankan mọ́. Ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ní kó máa bọ̀, kó sún mọ́ wa sí i. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi.

Mo sáré lọ bá Sájẹ́ntì Larbi. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti fún un lómi?"

"A kò fún un ní nǹkankan."

"Ẹ má fún un."

"Kí n lé e jáde?"

"Báwo lo ṣe fẹ́ lé ẹni tí o fẹnu ara rẹ pè wọlé?" Ó dìde. "Jẹ́ kí ajá gbó. Bóyá yóò gbó o jáde."

Mo padà sílé. Èmi, olùkọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú ajá, mo ń bẹ̀ ẹ́. "Gbó. Jọ̀ọ́, Suronipa, gbó." Ó lá àtẹ́lẹwọ́ mi, nítorí òórùn ẹja. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àlejò, ó sùn. Ajá kì í gbó ẹni tí wọ́n ti gbà sílé.

Agya Opare dé lọ́jọ́ Àìkú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tísà, o mọṣẹ́ o! Àwọn àgbà ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí ajá máa jókòó ti ìyá rẹ̀." Mo dúpẹ́. Ohun tí mò ń lé láti ọ̀sẹ̀ kan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ yẹn, ó sì dà bí eérú lẹ́nu mi. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà, Nana ti gbé ife omi sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

"Nana, ta lẹ gbé omi fún?"

"Àlejò. Láti àná ló ti jókòó, o kò bu omi fún un. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ìyá rẹ nìyẹn?"

"Ẹ rí i ni?"

"Mi ò rí i. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. "Láti ọdún mẹ́jọ, Adobea, òun nìkan ni mo gbọ́."

Mo wo ife. Omi ti dín sí ìdajì. 

Lọ́dọ̀ wa, a kì í bi àlejò ní ohun tó gbé e wá kí ó tó jókòó, kí ó tó mu omi. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, tó ti mumi, dandan ni kí a bi í. Bí a bá sì bi í, yóò jíṣẹ́ tó wá jẹ́. Nana ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Irú iṣẹ́ tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ fún arúgbó, ẹnikẹ́ni kò ní láti là á yé mi.

"Ẹ má bi í ní nǹkankan, Nana. Mo bẹ̀ yín."

"Ìwà wo nìyẹn? Kí àlejò kàn máa wò wá?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, àárín àwọn méjèèjì ni mò ń jókòó sí. Mo kọjú sí Nana, mo kọ̀yìn sí àga, mo ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ọmọ tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ wá sí kíláàsì. Mo sọ ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa tó ń bá obìnrin oníbúrẹ́dì ṣeré tó rò pé a kò mọ̀. Nígbà tí òótọ́ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí parọ́, èmi tí mo kórìíra irọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ètè mi bá ń mì, ojú Nana kì í kúrò lára rẹ̀, kò sì ní ráyè bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọrùn mi máa ń tutù láti ẹ̀yìn. N kì í wẹ̀yìn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Nana yóò ní, "Àlejò ti sùn," màá sì dìde.

Ọjọ́ méjìlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, mo ń jí n kò lè gbé ẹsẹ̀.

Lánàá, oorun gbé mi lọ níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo lajú, Nana ń tẹ́tí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún. Ó ń wò mí. Omijé wà lójú rẹ̀.

"Nana, ẹ ti bi í?"

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Adobea," ó ní, "kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló wá."

Mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta wá ni. Kò dá mi lóhùn. Bóyá kò rí ohun tí mo sọ ni, nítorí mo ti fi ọwọ́ kejì bo ẹnu mi.